Kí Ni Ẹsẹ̀ Rọ́bà Ń Wá Lábẹ́ Ẹ̀rọ Orin?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ orin máa ń sọ, ó sì ti ń dé ọ̀dọ̀ àwa náà báyìí. Wọ́n ní bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó dáa tán, iṣẹ́ ò tíì parí: ó ku ohun tí ẹ máa gbé e lé. Wọ́n á ní kí ẹ ra ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, onírọ́bà, onísípíríǹgì tàbí onírin, kí ẹ fi sábẹ́ ẹ̀rọ àwo, kí ẹ fi sábẹ́ sípíkà, kí ẹ fi sábẹ́ ampilifáyà, kódà kí ẹ fi sábẹ́ àpótí kékeré tó ń gba orin wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ yìí ni kí ó gba gbígbọ̀n mọ́ra, kí gbígbọ̀n náà má bàa dé ara ẹ̀rọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé owó mẹ́rin péré nínú wọn á ra ọ̀kadà tuntun, ṣéńjì á sì kù.

A kò kọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ rọ́bà ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣe nǹkan kan, torí pé àwọn tó ń yìn ín ti da méjèèjì pọ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀rí ti àkọ́kọ́ ta ọjà ti ìkejì. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ á ná owó síbi tí kò yẹ, á sì gbàgbé ibi tó yẹ. Ibi tó yẹ yẹn ló ká wa lára jù, torí ó kan àwo àwọn òbí wa.

Iṣẹ́ sọ́fíwíà là ń ṣe, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà la sì kà ní yunifásítì. Ìgàngán, ní Àríwá Ìbàràpá, ni a ti ń kọ èyí. Níhìn-ín, bí ẹ bá wọ yàrá àgbà, ẹ ṣì lè rí àpótí àwo lábẹ́ ibùsùn: sákárà Yusuf Ọlátúnjí, àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà. Ìbàràpá kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, orin ọ̀hún ti pẹ́ létí wa. Yusuf Ọlátúnjí kú ní 1978, Àyìnlá kú ní 1980, Hárúnà kú ní 1983. Kò sí èyí tó tún máa wọ sítúdíò mọ́ nínú wọn. Ohun tó wà nínú àwo náà ló wà.

Àwọn ọ̀dọ́ ti wá ń gbé àwo wọ̀nyí jáde. Wọ́n ń ra ẹ̀rọ àwo olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ń kọ orin náà sínú fáìlì, wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ ká kí wọn. Ṣùgbọ́n bí tábìlì bá gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́, gbígbọ̀n náà á wọ inú fáìlì, ibẹ̀ ló sì máa wà. Ẹni tó bá gbà á ní Tápà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní mọ̀ pé tábìlì ni. Á rò pé bí bàbá náà ṣe kọrin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àwo jẹ́. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ àwọn orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ọ̀rọ̀ máíkì oníná nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1925 ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gba ohùn. Ẹni tó ń kọrin á kojú sí ẹnu ìwo ńlá kan. Ohùn rẹ̀ á mi ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nídìí ìwo náà, ìyẹn á mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì gbẹ́ ọ̀nà sára ìda. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbígbọ̀n ni. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ àwo nílé, ẹ̀ ń dá ìrìn àjò yẹn padà ni: abẹ́rẹ́ á tọ ọ̀nà náà, á máa mì bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, gbígbọ̀n rẹ̀ á sì tún di ohùn.

Àwo ńlá oníyípo 33⅓, tó dé lẹ́yìn náà, kò yàtọ̀ nídìí. Ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ kò fẹ̀ ju irun orí lọ. Ibi tí ohùn bá ti lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú orin, ìmì abẹ́rẹ́ níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni a wá gbé lé orí tábìlì kan náà pẹ̀lú sípíkà, tí ọmọdé ń sáré kọjá níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń gúnyán ní ẹ̀yìnkùlé.

Abẹ́rẹ́ kò ní làákàyè. Ohun tó ń kà ni ìyàtọ̀ láàárín bí ọ̀nà inú àwo ṣe ń mì àti bí ọwọ́ tó dì í mú ṣe dúró. Bí àwo bá mì tàbí bí ọwọ́ bá mì, bákan náà ló rí lójú rẹ̀. Kò lè sọ pé, “Èyí tinú orin ni, èyí tinú odó ni.” Gbogbo rẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tó mú ọ̀rọ̀ náà le. Nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ọ̀nà rẹ̀ má bàa fẹ̀ jù. Ẹ̀rọ tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ á wá gbé e sókè padà. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún èyí, tí à ń pè ní RIAA, gbilẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950. Lábẹ́ ìlànà yìí, ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á gba ìgbésókè tó tó nǹkan bí ìlọ́po méje ti ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,000. Gbígbọ̀n tábìlì àti ti ilẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló sábà máa ń wà. Ìgbésókè tí wọ́n ṣe fún àgbá àti béèsì, àlejò tí a ò pè náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Bí sípíkà bá wá wà lórí tábìlì kan náà, ẹ mọ ohun tó kù. Sípíkà á mi tábìlì, tábìlì á mi abẹ́rẹ́, ampilifáyà á gbé e sókè, sípíkà á tún mi tábìlì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwa tí à ń kọ sọ́fíwíà mọ irú rẹ̀ dáadáa: iṣẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ láìní ibi tó ti máa dúró. Bí ohùn bá lọ sókè, á di “hùùùù” tí gbogbo ilé á gbọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kò ní hu, ṣùgbọ́n á wà níbẹ̀, á máa fi ìrù kún ẹ̀yìn ohùn ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Fún orin tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń sọ nǹkan, èèyàn lè fara mọ́ ìrù yẹn. Fún tiwa, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyáàlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń yọ́ bọ́ sínú ara wọn, òun nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀. Bí tábìlì bá ní ohùn kan tó máa ń jẹ́ (gbogbo pákó ló sì ní in), ohùn ìlù tó bá bá a mu á wú ju àwọn yòókù lọ, á sì falẹ̀ bo èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń gbọ́ á gbọ́ ìlù, kò kàn ní gbọ́ ohun tí ìlù sọ ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń sọ pé àwọn ò gbédè ìlù mọ́. Òótọ́ ni, a ò gbédè ìlù tó bó ṣe yẹ. Àmọ́ nígbà mìíràn, fáìlì tí wọ́n fún wa pàápàá ti jẹ lára ọ̀rọ̀ náà kó tó dé etí wa.

Ẹ wo àgídìgbo inú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ẹni tó bá I.K. Dáíró dá ilé iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀ ní 1969, tó sì kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979. Àpótí igi ni àgídìgbo, wọ́n kan irin pẹlẹbẹ sí i lójú, ọmọ ìka ló ń fọhùn lórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, níbi tí tábìlì ti lágbára jù. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọlọ́gbọ́n wo ló fẹ́ jó ohun tí pákó tábìlì ti da ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú?

Níbi yìí la ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àgídìgbo gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Àpótí rẹ̀ ni ohùn rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà dí i, ó kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwo kì í ṣe ohun èlò orin, ìránṣẹ́ ni. Láàárín èèyàn, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyẹn ọgbọ́n ẹnu. Ẹ̀rọ kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, a ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iyọ̀ sí i. Kó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. Ìdí kan ṣoṣo tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ronú nípa ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn.

Báwo wá ni ohun rírọ̀ ṣe ń dín gbígbọ̀n kù? Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dì í sínú páálí. Òṣùká tó wà láàárín orí àti ẹrù ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹsẹ̀ ń tẹlẹ̀, ara ń mì, ẹrù kò gba gbogbo rẹ̀. Mẹkáníìkì náà mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń pè ní “engine seat”, tí ọkọ̀ máa ń gbọ̀n gìrìgìrì bí ó bá jẹ, rọ́bà tó wà láàárín ẹ́ńjìn àti ọkọ̀ ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ gbé ẹ̀rọ lé ohun rírọ̀ náà, kí ẹ wọn bó ṣe rì sí. Bí ó bá jẹ́ sípíríǹgì, tó sì rì ní mílímítà 1, nǹkan bí ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ẹ̀rọ á máa fì fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tì í. Bí ó bá rì ní mílímítà 4, ó di nǹkan bí ìgbà 8. Bí ó bá rì ní mílímítà 10, ó di nǹkan bí 5. Rọ́bà máa ń le díẹ̀ ju bí ìṣirò yìí ṣe sọ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Gbígbọ̀n tó bá yára ju iye yẹn lọ ní ìlọ́po 1.4 ó kéré tán, òun nìkan ni ẹsẹ̀ náà lè dín kù. Èyí tó bá lọ́ra gan-an á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èyí tó bá wá ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀ ńkọ́? Á pọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi owó rà láti dín gbígbọ̀n kù á máa fi kún un.

Èyí kì í ṣe àbá orí ìwé lásán. Ọwọ́ ẹ̀rọ àwo àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ìfì tiwọn, tí àwọn tó ń ṣe é máa ń fẹ́ kó wà láàárín ìgbà 8 sí 12. Bí ẹ bá lọ gbé e lé ohun tó ń fì ní ìgbà 8, ẹ ti so wèrè méjì pọ̀ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi sí ẹsẹ̀ kan tó dára fún gbogbo ẹ̀rọ. Rọ́bà tó rì dáadáa lábẹ́ ẹ̀rọ tó wúwo á le bí òkúta lábẹ́ èyí tó fúyẹ́. Ẹni tó bá ń ta ẹsẹ̀ láì béèrè ìwọ̀n ẹ̀rọ yín, ẹ bi í léèrè báwo ló ṣe mọ̀.

Ẹ tún wo ibi tí ọjà yìí ti wá. Ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, òfìfo sì wà lábẹ́ pákó náà. Bí èèyàn bá rìn kọjá, ilẹ̀ á tẹ̀, á gbé ara rẹ̀ sókè, abẹ́rẹ́ á fò. Wàhálà gidi ni, ó sì yé wa bí wọ́n ṣe wá ojútùú sí i. Àmọ́ ìtẹ̀síwájú-sẹ́yìn ilẹ̀ onípákó lọ́ra gan-an, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni, èyí tí ẹsẹ̀ rọ́bà kékeré kò lè mú. Ohun tó ń gbà wọ́n níbẹ̀ ni kí wọ́n kan pẹpẹ mọ́ ògiri, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ní Ìgàngán, ilé ilẹ̀ ló pọ̀ jù: síméǹtì lórí yẹ̀pẹ̀ líle. Ẹ fò sókè kí ẹ balẹ̀, kò ní tẹ̀ fún yín. Yàtọ̀ sí àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fi pákó tẹ́ òkè wọn, àìsàn tí wọ́n ń ta oògùn rẹ̀ fún wa kì í ṣe àìsàn ilé wa.

Àìsàn ilé wa ni jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pèsè iná fún ilé máa ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá wà lórí síméǹtì kan náà pẹ̀lú yàrá yín, gbígbọ̀n rẹ̀ á rìn wọlé. Ẹ lè rí i fúnra yín. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ phyphox, ọ̀fẹ́ ni, Yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ló ṣe é. Ó máa ń fi hàn lójú fóònù bí ibi tí fóònù wà ṣe ń gbọ̀n. A gbé fóònù lé tábìlì, a ní kí wọ́n tan jẹn lẹ́yìn fèrèsé. Òpó kan dìde ní àyíká 50. A ki rọ́bà tíúbù ọ̀kadà tí a ká ní ìlọ́po mélòó kan bọ abẹ́ pákó tí fóònù wà lórí rẹ̀, òpó náà wálẹ̀. Ìṣirò gbè é lẹ́yìn: ohun tó ń fì ní ìgbà 16 á dín gbígbọ̀n ìgbà 50 kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Fọkanáísà ló ni rọ́bà náà, ọjà ńlá kọ́.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká parọ́ fún ara wa. Ariwo jẹn tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, rọ́bà ò lè dá a dúró. Ìkùn tó ń gba wáyà wọlé nítorí pé kò sí ẹ́ẹ̀tì tó dáa, rọ́bà ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn náà. Ohun méjèèjì yìí wọ́pọ̀ ju gbígbọ̀n tábìlì lọ nílé wa, ó sì máa ń yà wá lẹ́nu bí èèyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ olówó iyebíye sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọn ò fún ní ẹ́ẹ̀tì.

Ó wá ku ẹ̀rọ tí kò ní abẹ́rẹ́. Ibí yìí ni ìjà wa wà. Orin inú fóònù, nọ́ńbà ni. Ẹ wo irú àyẹ̀wò tí àwa onísọ́fíwíà máa ń ṣe lójoojúmọ́: a lè gba fáìlì kan wọlé nígbà tí àpótí íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí òkúta, ká tún gbà á nígbà tó wà lórí rọ́bà, ká ṣírò SHA-256 méjèèjì. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú fáìlì, àbájáde náà á yàtọ̀ pátápátá. Kò ní yàtọ̀. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí sọ́fíwíà báńkì náà nìyẹn. Bí gbígbọ̀n tábìlì bá lè yí nọ́ńbà padà, owó yín náà ì bá ti yí padà. Ẹlòmíì á ní aago inú ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn máa ń gbọ́ gbígbọ̀n. Lóòótọ́, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe aago bẹ́ẹ̀ kì í ṣe adití sí gbígbọ̀n, ẹ̀rọ ìwọ̀n tó dára lè rí i. Ṣùgbọ́n ní ilé gbígbé, ó kéré débi pé etí kò lè mú un. Ampilifáyà onígílóòbù nìkan la yọ sílẹ̀: ẹ fi ìka kan gílóòbù rẹ̀, ẹ lè gbọ́ “tín-ín” nínú sípíkà. Ìyẹn lè jàǹfààní. Ampilifáyà tí kò ní gílóòbù, kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ rọ́bà ṣe?

Sípíkà wà láàárín méjèèjì. Bí sípíkà bá ń mi pẹpẹ tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lórí rẹ̀, tí àwo ìjẹun inú rẹ̀ ń pariwo, ohun rírọ̀ lábẹ́ rẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́, etí lásán á sì gbọ́ ìyàtọ̀. Bí ó bá wà lórí síméǹtì, ìyàtọ̀ náà á kéré tàbí kó má sí. Kí ẹ fà á kúrò ní igun yàrá sábà máa ń ṣe ju ẹsẹ̀ lọ, torí igun máa ń wú ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ wá ka ohun tí àwọn olùyẹ̀wò máa ń kọ nípa ẹsẹ̀ wọ̀nyí. Wọ́n á ní ìbòjú ti ká kúrò lójú orin. Wọ́n á ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti jinlẹ̀ sí i. Wọ́n á ní akọrin ti sún mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń lò fún ẹsẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ àwo àti fún ẹsẹ̀ abẹ́ àpótí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan ní abẹ́rẹ́, èkejì kò ní. Ìyìn tó bá gbogbo nǹkan mu, kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀kankan. Bí àyẹ̀wò kan kò bá lè sọ ibi tí ohun kan ti kùnà, ìkéde ọjà ni, kì í ṣe àyẹ̀wò.

A ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Etí wa náà máa ń tẹ̀ lé ojú àti àpò wa. Ẹni tó ti náwó á fẹ́ gbọ́ ohun tó rà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dán an wò láìfojú rí i. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa fi ẹsẹ̀ sí i, kó máa yọ ọ́, kí ẹ má rí ọwọ́ rẹ̀. Kó fi owó ẹyọ ju u kó tó pinnu nígbà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sọ èyí tí ẹ rò pé ó wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tó ń mẹ́fọ̀ọ́ lásán, bí yóò ṣe gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024. Bí yóò ṣe gba mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 11 nínú 1,024. Nítorí náà bí ẹ bá gba mẹ́sàn-án, ẹ ti gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá gba márùn-ún tàbí mẹ́fà, àpò yín ló ń gbọ́ orin.

Ẹnì kan lè bi wá pé kí ló kàn wá, ṣebí owó olówó ni. Òótọ́ ni, ohun tó bá wu èèyàn ni kó rà, ọlá ò lẹ́jọ́. Ohun tó kàn wá ni ọmọ ọdún 20 tó ní ẹ̀rọ àwo kékeré kan àti àpótí àwo bàbá rẹ̀, tó ka irú ọ̀rọ̀ yìí, tó wá gbà pé òun ò tíì lè gbọ́ orin náà dáadáa títí owó á fi dé. Á gbé àpótí náà padà sábẹ́ ibùsùn. Ooru á tẹ àwo, ìkán á jẹ páálí rẹ̀. Ẹ̀rù ọjà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la kọ ìyókù. Kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹ̀rọ rẹ. Ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ ti wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe Technics SL-1200MK2 ní 1979 ti fi ẹsẹ̀ tó ń gba gbígbọ̀n sí i láti ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, gbé abẹ́rẹ́ lé àwo tí kò yí, gbé ohùn sókè díẹ̀, kí o sì fi ìka kan tábìlì jẹ́jẹ́. Ohun tó o gbọ́ nínú sípíkà ni ohun tí tábìlì máa fi kún orin. Bí ó bá pọ̀, wá tábìlì tó wúwo, tàbí táìsì ńlá kan tí o gbé lé tíúbù tí o fún ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, kí o sì rí i pé ó tẹ́jú.

Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kọ àwo náà sínú fáìlì, pa sípíkà, hẹ́dífóònù ni kí o wọ̀. Ìyẹn nìkan ti gé lúùpù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ná ọ ní kọ́bọ̀. Pa jẹn, lo ìnfátà tàbí kí o dúró de NEPA. Bẹ ẹni tó fẹ́ gúnyán kó fún ọ ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbẹ́ kan àwo ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá parí, jẹ́ kí àgbà kan nínú ilé gbọ́ ọ, kó sọ fún ọ ohun tí ìlù wí, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwo náà kí o tó fi ránṣẹ́.